Ewé Pẹlẹbẹ Kan Nínú Igbó Páìnì

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ kan ewé náà, rọ́bà ni mo pè é. Mo fi èékánná họ ọ́ wò, mo gbé e sún mọ́ imú, kò ní òórùn kankan ju ti erùpẹ̀ tútù lọ. Ó rí pẹlẹbẹ bí ẹni pé wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì yà sí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n là sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ka igi Kérésìmesì, kì í ṣe koríko. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Moos, ìyẹn nǹkan rírọ̀ bíi tìmùtìmù tó máa ń bo òkúta àti ìdí igi nílẹ̀ Jámánì, tí àwa ń fọwọ́ kàn lójoojúmọ́ níbi iṣẹ́.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni dídi Kranz, adé ewé róbótó tí àwọn ará Jámánì máa ń gbé sórí sàréè òkú wọn. Ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́bàá itẹ́ òkú ńlá kan ní Hamburg. Ọ̀gá mi, obìnrin tó ń sún mọ́ ẹni àádọ́rin ọdún, ló jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ewé igi bá ti ń pọ́n títí di Kérésìmesì, èmi àti òun a máa dúró nídìí tábìlì gígùn kan ní yàrá ẹ̀yìn, a ó máa fi wáyà tín-ín-rín so ẹ̀ka àti Moos mọ́ òrùka tí wọ́n fi koríko gbígbẹ ṣe. Àtàǹpàkò mi le bí awọ bàtà. Owó Euro ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ wa lára lọ́dún náà, mo sì ti ń gbé àdúgbò Veddel fún bí ọdún márùn-ún pẹ̀lú ọkọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté. Oṣù kọkànlá ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù, torí ọjọ́ Ìsinmi kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo wọn máa ń lọ kí òkú wọn.

Ẹni tó gbé ewé náà wá ni bàbá kan nínú ìjọ wa. Aláṣọ funfun ni wá, gbọ̀ngàn kan tí a háyà la ti ń jọ́sìn. Bàbá ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì ní ìwé ìgbélùú. Gbogbo wa mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ síta. Nígbà tí mo rí i pé ọ̀gá mi ń ra Moos lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá kó o wá, mo sọ fún Bàbá, Bàbá sì rí àgbẹ̀ kan tó fún un láyè láti máa kó o nínú igbó tirẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa ń gbé àpò rẹ̀ dé. A ó kí ara wa, á jókòó mu tíì, á sì lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá, ó tú àpò kejì sórí tábìlì, ewé pẹlẹbẹ yìí sì ya jáde.

“Bàbá, kí lèyí?”

“Mo rí i ni, ọmọ mi. Ó wù mí. Mo ní kí n mú díẹ̀ wá fún ọ̀gá rẹ, bóyá á fẹ́ràn rẹ̀.”

Díẹ̀ tó wí yìí tó ààbọ̀ àpò. Ọ̀gá kò sí nítòsí, ó gba àyè ọjọ́ méjì láti lọ rí dókítà ojú. Mo fi ewé náà di Kranz méjì, wọ́n sì rẹwà débi pé mo fúnra mi gbé wọn kọ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ohun tí n kì í ṣe tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin arúgbó kan wọlé pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀. Kranz fún sàréè ìyàwó rẹ̀ ló wá rà. Mo mọ̀ ọ́n lójú, torí ọdọọdún ló ń wá; tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, Tíṣà náà ni mo sì ń pè é nínú ọkàn mi. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú Kranz méjèèjì, ló bá dúró. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Mo rò pé ìyàwó rẹ̀ ló rántí, mo sì ń wá ọ̀rọ̀ ìtùnú lédè Jámánì.

“Níbo lẹ ti rí èyí?”

“Ewé ni, ọ̀gbẹ́ni.”

“Mo mọ̀ pé ewé ni. Níbo?”

“Inú igbó.”

“Igbó wo?”

Ó gbé Kranz náà sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó ní Bärlapp ni wọ́n ń pè é, pé ìtumọ̀ rẹ̀ látijọ́ ni ọwọ́ béárì, àti pé irú èyí, tó rí pẹlẹbẹ, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí òun ti rí i kẹ́yìn ní agbègbè wa. Ó wá fi ohùn kan náà, láìgbé e sókè, sọ pé òfin dáàbò bò ó. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já a, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tà á.

Nílẹ̀ àjèjì, ọ̀rọ̀ náà “òfin” a máa já lu èèyàn láyà ju bó ti yẹ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni mo rí fáìlì mi ní Ausländerbehörde, níbi tí wọ́n ti ń fún wa níwèé ìgbélùú, tí ẹnìkan ń kọ “ewé” sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo rántí Bàbá, tí kò tiẹ̀ ní fáìlì kankan, ẹ̀rù náà wá di ìlọ́po méjì.

“Kì í ṣe ọlọ́pàá ni mí,” ni Tíṣà wí, bóyá nítorí ohun tó rí lójú mi. Ó ra Kranz ẹ̀ka igi Kérésìmesì lásán fún ìyàwó rẹ̀. Ó ní kí n bá òun fi páálí gbé àwọn méjì tí mo fi ewé náà dì, ó sì gbé wọn lọ sílé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, n kò mọ̀ bóyá ó ràn mí lọ́wọ́ ni tàbí ẹ̀rí ló kó lọ.

Nígbà tí Ọ̀gá dé tó gbọ́, ó pariwo mọ́ mi. Ṣé mo fẹ́ kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù òun pa ni? Ṣé ohun gbogbo tí wọ́n bá dà sórí tábìlì ni èèyàn ń dì? Mo ń bẹ̀bẹ̀. Ló bá mú ìyókù ewé náà lọ́wọ́, ó gbé e sójú, ó sì ń yí i síwá sẹ́yìn.

“Èyí ni màmá mi fi ń di Kranz,” ló sọ níkẹyìn. “Odidi kẹ̀kẹ́ ẹrù la máa ń kó wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà náà pé ó burú.”

Ó ní kí n lọ dà á nù. Mo dé ẹnu ọ̀nà, ó ní kí n má dà á nù, kí n rẹ ẹ́ sínú omi. Mo ń wá ike, ó tún ní kí n dà á nù, ló bá jáde lọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo kó o sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ sílé ní Veddel, mo sì gbìn ín sínú ìkòkò òdòdó lójú fèrèsé, torí n kò mọ èwo nínú àṣẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí n tẹ̀ lé.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Tíṣà padà wá pẹ̀lú awò kékeré kan tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ó tẹ́ ẹ̀ka kan sórí ìwé funfun, ó ní kí n wò ó.

“Mo ti ṣàṣìṣe,” ló wí. “Irú mẹ́ta ló wà tó jọra. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ gbòòrò, ó tutù yọ̀yọ̀. Ti èkejì tóóró, ó ní búlúù díẹ̀ lára, ó sì máa ń ṣù pọ̀ bí ìgbálẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọmọ tí àwọn méjèèjì bí.”

“Èwo wá ni èyí?”

“Lánàá, mo ní àkọ́kọ́ ni. Láàárọ̀ yìí, mo ní ẹ̀kẹta ni. Ní báyìí tí mo dúró síwájú yín, mi ò mọ̀.”

Ó yà mí lẹ́nu. Nílé wa, tíṣà kì í sọ pé òun ò mọ̀. Bí kò bá mọ̀, á ní kí o lọ kúnlẹ̀. Mo tún wo inú awò náà. Ewé wẹ́wẹ́ ló wà níbẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka bí ìpẹ́ ẹja. Ó ní kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀, pé ìpẹ́ tó wà lẹ́yìn yẹn ló ń sọ ẹni tó jẹ́: bó bá kéré gan-an, àkọ́kọ́ ni, bó bá tóbi díẹ̀, bóyá ẹ̀kẹta. Kí ni ìwọ̀n “kéré gan-an”? Kí ni “díẹ̀”? Orí mi ń yí.

Ó sọ fún mi pé ilé ńlá kan wà ní Berlin tí wọ́n ti ń kó ewé gbígbẹ láti gbogbo ayé pamọ́, pé òun mọ obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òun kò lè gbé òun dé Berlin mọ́. Mo ní ṣebí ilé ìfìwéránṣẹ́ wà. Ó ní àwọn ará Berlin á béèrè nípa ibi tí ewé náà hù sí, ẹni tó já a nìkan ló sì lè dáhùn. Ìgbà náà ló yé mi pé èmi ló rò pé mo já a. Kí n sọ pé èmi kọ́, á bi mí pé ta ni. Mo gba ẹ̀ka náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àti pé lóòótọ́, mo ní láti lọ sí Berlin ní òpin ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, torí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé ewé láàárín ìwé ìròyìn wọ ọkọ̀ ojú irin.

Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé àdúgbò Wedding, ó ń dirun fún àwọn obìnrin nínú ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀. Nígbà tí mo tú ìwé ìròyìn náà, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ewé? Ewé lo gbé láti Hamburg wá? Kódà kì í ṣe ẹ̀fọ́!”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáà tẹ̀ lé mi.”

“Mà á tẹ̀ lé ẹ. But tí wọ́n bá gbé wa, èmi ò mọ̀ ẹ́ rí o.”

Lọ́jọ́ Ẹtì, a wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, U9, títí dé òpin rẹ̀, a tún wọ bọ́ọ̀sì. Obìnrin tí Tíṣà sọ wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó mú wa gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tí kọ́bọ́ọ̀dù irin tò sí lọ́tùn-ún lósì. Inú wọn ni ewé wà, wọ́n lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìwé, wọ́n kọ ìlú rẹ̀ àti orúkọ ẹni tó já a sísàlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni wà níbi òkú.

Obìnrin náà tẹ́ ìwé mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan fún irú kọ̀ọ̀kan, ó sì gbé tiwa sáàárín. Lójú mi, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wò ó pẹ́, ó ní àkọ́kọ́ ni. Ó pe ọkùnrin kan láti yàrá kejì, ìyẹn wò ó, ó ní rárá, ẹ̀kẹta ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn, jẹ́jẹ́ ṣá, pẹ̀lú “ẹ dákun” àti “bóyá”. Àwọn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, lórí ewé tí kò tó àtẹ́lẹwọ́! Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

“Igi rẹ̀ tó ń fà lọ nílẹ̀ ńkọ́?” ni obìnrin náà bi mí. “Ṣé orí ilẹ̀ ló wà, àbí abẹ́ ilẹ̀?”

“Orí ilẹ̀,” ni mo wí. Ojú ọkùnrin yẹn rẹ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí iyàn rẹ̀ já sófo, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. “Ó tún wà lábẹ́ ilẹ̀ díẹ̀.”

“Nínú òjìji, àbí nínú oòrùn?”

“Méjèèjì.”

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. “Kí ló dé tó o fi ń parọ́ fáwọn èèyàn yìí?” ló fi Yorùbá bi mí.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákẹ́, ẹ jọ̀ọ́.”

“Mi ò ní dákẹ́. O ò já ewé kankan rí láyé ẹ, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ inú ọgbà màámi.”

Omi bọ́ lójú mi, n kò sì mọ ìdí rẹ̀ gan-an. Mo sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo já a, pé ẹlòmíràn ni, ẹni náà kò sì lè wá. Mo rò pé wọ́n á lé wa jáde. Obìnrin náà kàn gbé ife omi fún mi. Ó ní kò burú, pé kí ẹni náà sáà fi ibẹ̀ han Tíṣà, kí wọ́n wò ó láìjá nǹkan kan.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìdúpẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, lẹ́yìn ìsìn ní Hamburg, mo pe Bàbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rò fún un. Aṣọ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fara ti ògiri.

“Ọmọ mi, o ti tà mí.”

“Rárá o, Bàbá. Mi ò dárúkọ yín fún ẹnì kankan.”

“Mi ò rántí ibẹ̀ mọ́.”

“Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀?”

“Ibi tí mo ti ń kó Moos ni mò ń lọ. Ibi ewé yẹn, mo ṣìnà débẹ̀ ni.” Ó wolẹ̀. “Kì í ṣe inú igbó àgbẹ̀ yẹn.”

N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Lọ́jọ́bọ̀ ó tẹ̀ mí láago, kò kí mi, ó ní òun á mú wa lọ, ṣùgbọ́n òyìnbó náà kò gbọdọ̀ béèrè orúkọ òun.

Àwa mẹ́ta la wọ ọkọ̀ ojú irin láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, Tíṣà jókòó níwájú rẹ̀. Bí tákisí kan ṣe já wa sílẹ̀ lẹ́nu igbó, a bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Igi páìnì ni gbogbo rẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà, ìdí ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ìdí èkejì. Yanrìn ni ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá mú wa lọ síbì kan, kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó mú wa lọ síbòmíràn, ògbólógbòó igi tó wó la bá. Ìrìn Tíṣà ti ń fà. Ó sọ fún mi pé ó yẹ kí a wá ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, níbi tí igbó ti dí jù.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ní rárá o. “Sọ fún un pé kò ṣókùnkùn. Ibi tí mo ti rí i, ojú ọ̀run ṣí sílẹ̀ gbayawu.”

“Inú igbó?” ni Tíṣà bèèrè.

“Inú igbó,” ni Bàbá dáhùn kí n tó túmọ̀, ìbéèrè yẹn tiẹ̀ yé e lédè Jámánì.

Mo wà láàárín àwọn méjèèjì, mi ò mọ ẹni tí mo lè gbà gbọ́. Ẹni tó kàwé nípa ewé ní kí a lọ síbi tó dí, ẹni tó já ewé ní kí a lọ síbi tó ṣí. Mo tún ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá ńṣe ni Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ ń mú wa ṣìnà kí ó lè rẹ òyìnbó, ká sì padà sílé. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn kan lókè, bí oyin tó pọ̀ tó wà lọ́nà jíjìn.

“Òun nìyẹn!” ni Bàbá kígbe. “Ohùn yẹn! Mo rò pé oyin ni lọ́jọ́ náà.”

Wáyà iná ni. Wọ́n gé igbó náà la àárín kọjá kí òpó irin ńlá lè rí ààyè, ojú ọ̀nà gbalasa kan ni, gígùn rẹ̀ kò lópin. Lábẹ́ wáyà náà, igi kékeré elódòdó gbígbẹ tí wọ́n ń pè ní Heide ló wà níbẹ̀, àti nǹkan híhù gbígbẹ aláwọ̀ eérú kan tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ bàtà. Bàbá ń lọ síwájú, ó ń wolẹ̀. Ó dúró.

Òrùka ni ewé náà fi hù. Ó yí po lórí yanrìn, ó fẹ̀ ju yàrá mi lọ, àárín rẹ̀ ṣófo, etí rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ó sì hàn gbangba pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta òrùka náà kò sí mọ́. Yanrìn tí wọ́n rú ló kù níbẹ̀, àti ipasẹ̀ bàtà róbà.

Tíṣà fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo sáré, mo rò pé ó ṣubú ni. Ó fi ìka kan ṣoṣo gbá ewé páìnì gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá igi tín-ín-rín tó so ewé náà pọ̀. Kò sí lórí ilẹ̀, kò sì jìn. Ìka méjì péré ló fi wọlẹ̀.

“Ẹ̀kẹta ni,” ló wí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. “Mo rò pé ẹ̀kẹta ni.”

“Ẹ rò?”

“Mo rò.”

Ó ṣàlàyé fún wa ní ìjókòó, pẹ̀lú yanrìn lára kóòtù rẹ̀. Ó ní ohun tó dà bí ìyẹ̀fun ló ń jáde lára ewé náà, kì í ṣe kóró; bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá bọ́ sínú ilẹ̀ tó bá a lára mu, á wà nínú òkùnkùn lábẹ́ ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, olú inú ilẹ̀ ni á máa bọ́ ọ, kó tó yọrí. Lẹ́yìn náà á máa fà lọ síta díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, àárín rẹ̀ á kú, ìdí nìyẹn tó fi di òrùka. Èyí tó fẹ̀ tó báyìí lè dàgbà ju òun lọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá ṣí fìlà rẹ̀.

“Ó dàgbà jù mí lọ?”

“Ó ní ó ṣeé ṣe, Bàbá.”

Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó dúró sí. “Sọ fún un pé mi ò mọ̀. Sọ fún un pé ó jọ ewé kan tó wà lẹ́bàá títì nílé wa ni, níbi tí katakata ti gé òkè. Bí mo ṣe rí i, ara mi yá. Mo wá ń fà á.”

Tíṣà gbọ́, ó mi orí. Ó ní òótọ́ ni, pé ìbátan ewé yìí wà nílẹ̀ olóoru, ó máa ń nàró bí igi Kérésìmesì kékeré, orí rẹ̀ a sì tẹ̀ wálẹ̀. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ni mo rí i lọ́kàn mi, lára gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pupa kan lójú ọ̀nà ilé ìwé wa ní Èkìtì, lẹ́yìn òjò. A máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Mo bi Bàbá pé kí ni wọ́n ń pè é nílé. Ó ronú, ó ní òun ò mọ̀, kí ni àwa ní Èkìtì ń pè é? Èmi náà kò mọ̀. Tíṣà ń wò wá, ó ń retí pé kí n túmọ̀, kò sì sí ohun tí mo lè túmọ̀.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi wà lábẹ́ wáyà, tí kò sí nínú igbó gan-an. Ó ní igbó ti dí jù ní gbogbo agbègbè náà, oòrùn kì í wọlé mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ iná máa ń wá gé igi tó bá ga níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan mélòó kan. Nítorí náà, àwọn tó ń gé igi, tí wọn kò bìkítà fún ewé, àwọn ló ń gbà á là. Ẹni tó rí i tó fẹ́ràn rẹ̀ ló fẹ́ pa á run. Mo yí ọ̀rọ̀ yìí wò lọ́nà gbogbo, ó kọ̀ kò tò lórí mi títí dòní.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, Tíṣà mú ìwé kékeré jáde, ó ń kọ ohun tó rí: yanrìn, páìnì, abẹ́ wáyà. Ó ní ẹ̀ka tó wà lọ́wọ́ àwọn ará Berlin ni wọ́n máa lẹ̀ mọ́ ìwé, pé kò sí ìdí láti já òmíràn, ṣùgbọ́n orúkọ ẹni tó rí i gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ó gbójú sókè. Bàbá kọjú sí ojú irin bí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti pẹ́.

“Ní kó kọ tìrẹ,” ni Bàbá sọ fún mi láìbojú wẹ̀yìn.

Mo dárúkọ ara mi. Tíṣà wo Bàbá, ó sì kọ ọ́. Mo gbà pé ó mọ ìdí tí a kò fi lè kọ ti Bàbá. Kò bi mí ní ìbéèrè kan lórí rẹ̀ láéláé.

Ewé tí mo gbìn sójú fèrèsé ṣì tutù títí di oṣù kejì. Mò ń bomi rin ín, mo tiẹ̀ ti ń rò pé mo lágbára kan lọ́wọ́. Ọkọ mi dúró tì í lọ́jọ́ kan.

“Ìyàwó mi, nǹkan yìí ti kú.”

“Ó tutù.”

“Gbé e sókè wò.”

Mo gbé e. Ó yọ wẹ́rẹ́, kò ní gbòǹgbò kankan. Ó ti kú láti oṣù kọkànlá, àwọ̀ rẹ̀ ni kò sọ fún mi.

Nígbà tí òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, Bàbá sọ fún mi pé òun nìkan padà lọ síbẹ̀, pẹ̀lú ìgò omi tí Wòlíì ìjọ wa ti gbàdúrà sí. Ó bọ́ bàtà, ó da omi náà sí ibi tó ṣófo lára òrùka, ó ka Sáàmù. Tíṣà ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan níbẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bá a wí tàbí kí n ṣe àmín. Mo ṣe àmín, mi ò sì sọ fún Tíṣà. Bàbá kò kó Moos mọ́. Ó rí iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ Áfíríkà kan ní àdúgbò St. Georg, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ítálì.

Èmi náà fi iṣẹ́ Kranz sílẹ̀ lọ́dún kejì. Ọwọ́ mi ti lọ́ra. Gbogbo ẹ̀ka tí mo bá mú ni mo máa ń yí padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. “Ṣé ẹ̀ ń ka ìwé ni, àbí ẹ̀ ń di Kranz?” ni Ọ̀gá máa ń bi mí. Mo lọ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ìgbà tí mo tún lọ kí ẹ̀gbọ́n mi ní Berlin, òun gan-an ló ní ká lọ wo ewé wa. Obìnrin náà rántí wa. Ó fa ìwé náà yọ. Orúkọ mi wà níbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n fi yíǹkì dúdú kọ ọ́. Àmọ́ pépà kékeré méjì ni wọ́n lẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pépà àkọ́kọ́ pè é ní irú kẹta, bí Tíṣà ti wí. Pépà kejì, tí ẹlòmíràn kọ lẹ́yìn náà, pè é ní irú àkọ́kọ́, ó sì fi àmì ìbéèrè sí i.

“Èwo ló tọ̀nà?” ni mo bèèrè.

“Ní báyìí, èyí,” ló wí, ó fọwọ́ kan èkejì. “Ẹnìkan lè tún wá.”

A dúró de bọ́ọ̀sì lójú títì. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín.

“Orúkọ tìẹ ni wọ́n mọ̀ dájú,” ló wí, “ti ewé gan-an ni wọn ò mọ̀. Àní, ìwọ kọ́ lo já a!”

Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, kò wá. Mò ń ro bí mo ṣe máa sọ fún Tíṣà pé wọ́n ti yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, àbí kí n má tiẹ̀ sọ. Bọ́ọ̀sì dé, ẹ̀gbọ́n mi ti wọlé, ó ń pè mí pé kí n máa bọ̀.